Aláǹtakùn àti kòkòrò agbàdúrà: ta ni ọdẹ, ta ni ẹran?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní jẹ́jẹ́ tí ẹkùn ń rìn, kì í ṣe ti ojo. Bí ẹnikẹ́ni bá ń ṣe iyèméjì nípa òwe yìí, kí olúwarẹ̀ lọ wo kòkòrò kan tí ó tẹ́ẹ́rẹ́, tí ọrùn rẹ̀ gùn, tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí ewé tútù tàbí bí koríko gbígbẹ. Orí ewé ni ó máa ń dúró sí láìmira, yóò ká ọwọ́ iwájú rẹ̀ méjèèjì sí àyà gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó ń bá Ẹlẹ́dàá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Nítorí ìdúró yìí ni àwọn Gíríìkì àtijọ́ ṣe fi orúkọ aríran pè é, nítorí rẹ̀ náà ni àwọn Òyìnbó ṣe sọ pé àdúrà ni ó ń gbà. Orúkọ ìbílẹ̀ lè yàtọ̀ láti àdúgbò kan sí òmíràn; nínú ọ̀rọ̀ wa ti ọ̀sẹ̀ yìí, kòkòrò agbàdúrà ni a ó máa pè é. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí orúkọ tàn yín jẹ. Kì í ṣe àdúrà ni ó ń gbà. Ẹran ni ó ń retí, aláǹtakùn sì wà lára ẹran náà.

Accra, olú-ìlú orílẹ̀-èdè Ghana, ni a ó ti wo ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé ní ilẹ̀ náà, aláǹtakùn kì í ṣe ẹ̀dá yẹpẹrẹ rárá. Bí àwa ti ní Ìjàpá nínú àlọ́ tiwa, bẹ́ẹ̀ ni àwọn Akan ní Kwaku Ananse. Kwaku ni orúkọ ọkùnrin tí a bí ní Ọjọ́rú. Ananse ni aláǹtakùn. Ẹni tí ó bá bá wọn gbé Accra láyé àtijọ́, ní àdúgbò tí a ń pè ní Lagos Town kí ó tó di Accra New Town, kí ìjọba Busia tó pàṣẹ ní oṣù kọkànlá ọdún 1969 pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kó ẹrù wọn, olúwarẹ̀ kò lè sọ pé òun kò gbọ́ orúkọ Ananse rí.

Ìtàn tí ó gbajúmọ̀ jù nípa rẹ̀ ni ti bí ó ṣe di ẹni tí ó ni gbogbo àlọ́ ayé. Ọ̀dọ̀ Nyame, Ọba òkè, ni àwọn àlọ́ náà wà. Nyame ní kí ẹni tí ó bá fẹ́ rà wọ́n mú òjòlá, ẹkùn, agbọ́n àti iwin wá fún òun láàyè. Àwọn alágbára gbìyànjú títí, wọ́n kùnà. Ananse kékeré lọ bá òjòlá, ó ní òun àti ìyàwó òun ń jiyàn lórí bóyá ó gùn ju igi kan lọ. Nígbà tí òjòlá na ara rẹ̀ sórí igi kí wọ́n lè wọ̀n ọ́n, Ananse fi okùn dè é mọ́ ọn. Ó da omi lé àwọn agbọ́n lórí, ó ní òjò ń rọ̀, kí wọ́n wá sá sínú akèrègbè òun. Bí wọ́n ti wọlé tán ni ó dé e. Ọgbọ́n ni ó fi ṣe gbogbo rẹ̀, kò fi agbára ṣe ọ̀kankan. Títí di òní, àlọ́ ni wọ́n ń pè ní ọ̀rọ̀ Ananse ní èdè wọn. Efua Sutherland, ẹni tí ó dá Ghana Drama Studio sílẹ̀ ní Accra, fi ẹ̀dá yìí kọ eré orí ìtàgé The Marriage of Anansewa, tí ó jáde ní ọdún 1975.

Ohun tí àlọ́ kì í sáábà sọ fún àwọn ọmọdé ni pé ọlọ́gbọ́n yìí náà ní ẹni tí ó ń fi í ṣe oúnjẹ.

Ní Legon, lẹ́bàá ìlú Accra, ni Yunifásítì Ghana wà. Níbẹ̀ ni Ọ̀mọ̀wé Malcolm Edmunds, tí ó wà ní ẹ̀ka ìmọ̀ nípa ẹranko, ti fara balẹ̀ ṣọ́ àwọn kòkòrò agbàdúrà ilẹ̀ Ghana. Ní ọdún 1972, ó tẹ ìwádìí jáde lórí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà dáàbò bo ara wọn; ó tún tẹ òmíràn jáde ní ọdún 1976. R. Kumar, ní yunifásítì kan náà, tẹ tirẹ̀ jáde ní ọdún 1973 lórí ìgbésí ayé wọn. Nígbà tí ó di ọdún 1978, Edmunds kan náà tún kọ̀wé lórí àwọn aláǹtakùn kan tí wọ́n ń gbé ní àyíká èèrà. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí a ó padà dé orí rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìjà tí ó wà láàárín ẹ̀dá méjèèjì yìí kò ní láti lọ jìnnà; inú igbó àti pápá Accra ni wọ́n ti ń jà á lójoojúmọ́.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ohun ìjà agbàdúrà. Ẹsẹ̀ mẹ́fà ni ó ní bí àwọn kòkòrò yòókù, ṣùgbọ́n méjì tí ó wà níwájú kì í ṣe ti ìrìn lásán. Ẹ̀gún wẹ́wẹ́ tò sí etí wọn bí eyín ayùn, wọ́n sì ń pa dé mọ́ ẹran bí ìgbà tí pàkúté bá gbá mú eku. Kò ní oró tí yóò gún sí ẹran lára. Bí ó bá ti di ẹran mú, jíjẹ ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́ láàyè. Àkókò tí ọwọ́ náà fi ń jáde tí ó sì fi ń mú nǹkan kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá kan. Kí ojú ènìyàn tó ṣẹ́, ó ti parí.

Ojú rẹ̀ tún jẹ́ ìyanu mìíràn. Ojú ńlá méjì ni ó ní, pẹ̀lú kéékèèké mẹ́ta láàárín orí, orí náà sì ń yí sọ́tùn-ún sósì bí ti ènìyàn. Ní ọdún 2016, Jenny Read àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Newcastle, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi ìda oyin lẹ awò ojú kékeré tí ó ní àwọ̀ méjì mọ́ kòkòrò agbàdúrà lójú, wọ́n sì gbé e síwájú àwòrán tí ń rìn, irú èyí tí a ń wò ní sinimá tí ohun inú rẹ̀ dà bí pé ó fẹ́ bọ́ síni lára. Nígbà tí àwòrán náà dà bí ẹran tí ó wà nítòsí, kòkòrò náà na ọwọ́ sí i. Báyìí ni ó ṣe hàn gbangba pé ojú rẹ̀ méjèèjì jọ ń ṣiṣẹ́ láti wọn bí ẹran ṣe jìnnà sí i tó. Irú èyí tí wọ́n lò, Sphodromantis lineola, ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà ni, ó sì wà káàkiri ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, Ghana kò gbẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ojú yìí ní àbùkù kan: ohun tí ń rìn ni ó ń tètè rí. Ẹran tí ó bá dúró gbagidi lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Aláǹtakùn náà kò jókòó lásán. Òwe wa sọ pé bí aláǹtakùn bá fẹ́ bá ọ̀tá rẹ̀ jà, a ta okùn yí i ká. Ẹni tí ó pa òwe yìí mọ ohun tí ó ń sọ. Aláǹtakùn kan wà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Argiope, tí ikùn rẹ̀ ní ìlà aláwọ̀ mèremère, tí í ta àwọ̀n ribiti sí àárín koríko àti igi ọgbà. Ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tí ó gbé lé okùn ni ojú rẹ̀. Bí ohun kan bá kó sínú àwọ̀n, yóò mọ̀ láti inú gbígbọ̀n okùn náà ibi tí ó wà àti bí ó ṣe tóbi tó. Bí ohun náà bá jẹ́ ọ̀tá tí ó lè ṣe é ní jàǹbá, kò ní sún mọ́ ọn fi eyín bù ú jẹ. Yóò kọ ẹ̀yìn sí i, yóò máa fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn da òwú bò ó, òwú lórí òwú, títí apá ẹlẹ́gùn-ún náà kò fi ní lè nà mọ́. Ìgbà tí ó bá ti dì í bí òkú tí a fi aṣọ wé tán ni yóò tó gún un ní oró. Nítorí náà, agbàdúrà tí ó bá fò láìwòye tí ó kó sínú irú àwọ̀n bẹ́ẹ̀ lè má jáde mọ́.

Ta wá ni ọdẹ, ta ni ẹran? Ìdáhùn náà kò sí nínú orúkọ ẹ̀dá. Ó wà nínú ìwọ̀n ara, nínú ọjọ́ orí, àti nínú ibi tí wọ́n bá ti pàdé. Lórí ewé, níbi tí aláǹtakùn kò ti ní àwọ̀n kankan nítòsí, agbàdúrà tí ó ti gbó ni ọ̀gá. Nínú àwọ̀n, aláǹtakùn ni ọba.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí ni ó tún le jù. Inú èpò kan tí ó dà bí fóòmù tí ó ti gbẹ ni ìyá agbàdúrà máa ń yé ẹyin sí, lára ẹ̀ka igi tàbí lára ògiri. Ẹyin inú rẹ̀ lè jẹ́ mẹ́wàá mẹ́wàá lọ́nà púpọ̀, ó sì lè ju ọgọ́rùn-ún lọ. Irú kan wà, Tarachodes afzelii, tí ìyá rẹ̀ kì í fi ẹyin sílẹ̀ lọ. Orí rẹ̀ ni yóò dúró tí yóò máa ṣọ́ ọ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn yòókù kò ní olùṣọ́. Bí àwọn ọmọ bá sì jáde, wọ́n kéré, wọn kò ní ìyẹ́, ọwọ́ wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ ni. Aláǹtakùn kékeré tí í fò bí ológbò lára ògiri ilé wa, ẹni tí kò ta àwọ̀n ṣùgbọ́n tí ojú rẹ̀ mú ju ti gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, yóò fò mọ́ wọn, yóò sì fi wọ́n jẹun. Díẹ̀ ni ó ń ṣẹ́ kù. Àwọn díẹ̀ náà ni wọ́n ń dàgbà, tí wọ́n sì ń jẹ irú àwọn tí ó jẹ ẹ̀gbọ́n àti àbúrò wọn. Ẹran àárọ̀ ni ó di ọdẹ ìrọ̀lẹ́.

Ibi tí ó wu ni jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni a wá dé yìí. Èèrà pupa kan wà tí í fi òwú ran ewé igi pọ̀ kọ́ ilé sórí igi máńgòrò, igi ọsàn àti igi kòkó, tí í gé ènìyàn jẹ bí ẹni fi iná jó ni. Orúkọ rẹ̀ láàárín àwọn onímọ̀ ni Oecophylla longinoda. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni Edmunds ti rí aláǹtakùn kan tí í ṣe bí èèrà, Myrmarachne foenisex. Ìbàdí rẹ̀ tín-ín-rín bí ti èèrà, àwọ̀ rẹ̀ pupa bí ti èèrà. Nítorí pé ẹsẹ̀ mẹ́jọ ni ti aláǹtakùn, tí èèrà sì ní mẹ́fà àti ìwo méjì, yóò gbé ẹsẹ̀ iwájú méjì sókè, yóò máa mì wọ́n bí ìwo, yóò sì máa rìn ségesège bí èèrà tí ń wá oúnjẹ. Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀ pọ̀ ní ilẹ̀ Ghana. Ní ọdún 1978, F. R. Wanless, onímọ̀ nípa aláǹtakùn ní ìlú London, fi orúkọ àdúgbò Accra sọ ọ̀kan nínú wọn: Myrmarachne legon. Báyìí ni Legon ṣe wọ inú ìwé ìmọ̀ àgbáyé láti ara aláǹtakùn tí kò ju èèrà lọ.

Kí ni ó ń sá fún? Agbàdúrà wà lára wọn. Ní ọdún 2006, Ximena Nelson, Robert Jackson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tẹ ìwádìí jáde tí ó fi hàn pé àwọn kòkòrò agbàdúrà máa ń yẹra fún èèrà, àti pé àwọn tí kò tíì rí èèrà rí láyé wọn pàápàá ń yẹra fún un. Bí wọ́n ti ń yẹra fún èèrà gidi ni wọ́n ń yẹra fún aláǹtakùn tí ó fara jọ èèrà. Ìbẹ̀rù náà ti wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Ohun tí yóò sì ya òǹkàwé lẹ́nu ni pé ọ̀pọ̀ ọmọ agbàdúrà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ẹyin, àwọn náà jọ èèrà. Dúdú ni wọ́n, wọ́n sì ń sáré kiri bí èèrà. Ọdẹ àti ẹran, ẹ̀wù kan náà ni àwọn méjèèjì sá sí lábẹ́. Ẹ̀wù ẹ̀dá kékeré tí ẹnìkan lè fi àtàǹpàkò tẹ̀ pa ni.

Kí ló dé tí ó fi jẹ́ èèrà? Nítorí pé èèrà kì í dá rìn. Ẹni tí ó bá fọwọ́ kan ọ̀kan ti fọwọ́ kan gbogbo ilé. Agbàdúrà ní ẹ̀gún lọ́wọ́, ṣùgbọ́n òun nìkan ni. Bí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá sún mọ́ ọn jù, ó lè jẹ òun náà. Aláǹtakùn ní oró àti okùn, ṣùgbọ́n òun náà dá wà. Agbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà, èèrà ni ó sì mọ ìtumọ̀ òwe náà jù.

Síbẹ̀, ẹ̀wù ẹlẹ́ni kì í ba ni mu tán. Aláǹtakùn tí ó ń ṣe bí èèrà kò gbọdọ̀ jẹ́ kí èèrà gidi fọwọ́ kan òun, nítorí wọn yóò mọ̀ pé àjèjì ni, wọn yóò sì pa á. Ní ìdà kejì, àwọn aláǹtakùn mìíràn wà tí èèrà gan-an ni oúnjẹ wọn. Àwọn yìí kò ní wádìí bóyá ojúlówó ni tàbí ayédèrú kí wọ́n tó fò mọ́ ọn. Ẹyẹ tí ó bá fara wé igún, ẹ̀yìn àdògán ni í sùn. Ohun tí ó gbà á lọ́wọ́ agbàdúrà lè fà á lé ẹlòmíràn lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ̀dá kan wà tí ẹ̀gún, okùn àti ẹ̀wù èèrà kò lè gba ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ rẹ̀. Àwa ènìyàn ni. Láàárín ìlú Accra, ní etí odò àti gọ́tà, ní Dzorwulu, ní Korle Bu àti ní Marine Drive, àwọn àgbẹ̀ ti ń gbin ẹ̀fọ́ fún ọjà ìlú láti ọdún pípẹ́. Kòkòrò ń yọ wọ́n lẹ́nu, wọ́n sì ń fín oògùn. Ní ọdún 2006, Philip Amoah àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí jáde lórí ẹ̀fọ́ tí wọ́n rà ní ọjà Accra, Kumasi àti Tamale. Nínú ewé lẹ́tíùsì, èyí tí a ń jẹ ní tútù, oògùn chlorpyrifos wà lára ìdá 78 nínú 100. DDT wà lára ìdá 33. Lindane, tí àwọn àgbẹ̀ kòkó wa mọ̀ dáadáa sí Gamalin 20, wà lára ìdá 31. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó ju ìwọ̀n tí ó yẹ kí ènìyàn jẹ lọ.

Oògùn kò mọ ọ̀rẹ́ yàtọ̀ sí ọ̀tá. Ó pa kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ó pa aláǹtakùn tí ń jẹ kòkòrò náà, ó pa agbàdúrà tí ń jẹ méjèèjì. Kòkòrò ajẹ̀fọ́ ń bímọ kíákíá, kò ní pẹ́ tí yóò fi padà. Àwọn ọdẹ rẹ̀ kì í tètè padà. Àgbẹ̀ yóò sì tún fín òmíràn. Martin Nyffeler àti Klaus Birkhofer ṣírò rẹ̀ ní ọdún 2017 pé àwọn aláǹtakùn àgbáyé ń jẹ láàárín mílíọ̀nù 400 sí mílíọ̀nù 800 tọ́ọ̀nù ẹran lọ́dọọdún, kòkòrò ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ní àyíká adágún Victoria, ní Kenya àti Uganda, aláǹtakùn kan tilẹ̀ wà tí ẹ̀fọn tí ó ti mu ẹ̀jẹ̀ yó ni ó fẹ́ràn jù. Òṣìṣẹ́ tí kò gba owó oṣù ni wọ́n.

A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni sọ agbàdúrà di ọlọ́pàá ọgbà. Kò mọ ẹ̀fọn yàtọ̀ sí oyin. Ohun tí ó bá kọjá níwájú rẹ̀ ni yóò mú, aláǹtakùn tí ń ràn wá lọ́wọ́ kò sì yọ sílẹ̀. Ohun tí a ń sọ ni pé ìjà wọn ni ó mú kí ọgbà dúró. Kò sí ẹnìkan nínú wọn tí ó borí títí, nítorí náà kò sí ẹnìkan tí ó pọ̀ jù. Ìgbà tí a bá fi oògùn lé gbogbo wọn kúrò ni ẹnìkan ṣoṣo yóò jọba, ẹni náà yóò sì jẹ́ èyí tí ń jẹ ẹ̀fọ́ wa.

Nítorí náà, ẹ̀yin ènìyàn wa, ní Accra, ní Ìbàdàn, ní ibikíbi tí ẹ bá wà, bí ẹ bá rí aláǹtakùn tí ó ta okùn sí igun ọgbà, ẹ má ṣe yára na ìgbálẹ̀. Bí ẹ bá rí èpò bíi fóòmù gbígbẹ lára ẹ̀ka, ẹ fi sílẹ̀. Àgbẹ̀ tí oògùn bá pọn dandan fún, kí ó bi àwọn òṣìṣẹ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ léèrè ìwọ̀n àti àsìkò, kí ó má fín in ní ọ̀la tí yóò kórè. Ẹ sì fi omi púpọ̀ fọ ẹ̀fọ́ tútù kí ẹ tó jẹ ẹ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé omi kì í fọ gbogbo oògùn tán.

Ẹni tí ó bá sì wà ní ipò agbára lónìí, tí ọwọ́ rẹ̀ ní ẹ̀gún, kí òun náà rántí inú ẹyin tí ó ti jáde, àti iye àwọn tí wọ́n jọ jáde tí wọn kò sí mọ́. Ọwọ́ tí ó le lórí ewé lè dákẹ́ nínú àwọ̀n.